Mò ń gbé fúláàtì ní Peckham: ṣé ọkọ̀ oníná yóò pé mi?

Ìyá Ẹniọlá (Peckham)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó kówó sílẹ̀.

Iṣẹ́ kẹ́rà ni mò ń ṣe, èyí tí a fi ń lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn. Mo lè jí sí Nunhead láàárọ̀, kí n kọjá sí Brockley, kí n tún wà ní Camberwell kí oòrùn tó kan àtàrí. Bọ́ọ̀sì ò lè ṣe é, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fi sáàárín ilé kan sí èkejì. Chatham ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ra Zafira oní-dísù ti ọdún 2012 tí mò ń wà. Ní Chatham, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Peckham nítorí ilé ìwé ọmọ, ULEZ, owó tí London ń bù lé ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú, ń gba £12.50 lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ tí mo bá ti gbé ọkọ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ ni mo sì ń ṣiṣẹ́. Dísù fúnra rẹ̀ tún ń lé ní ogún pọ́n-ùn lọ́sẹ̀.

Ẹnìkan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń gbé Dagenham. Ó ra Nissan Leaf àlòkù, ó wá ń fi yangàn pé òun kì í ná tó pọ́n-ùn márùn-ún lọ́sẹ̀ lórí iná. Pọ́n-ùn márùn-ún! Èmi náà bá wá tèmi lọ. Mo ti rí ọ̀kan, ti 2018, bátìrì 40 kWh, owó rẹ̀ ò sì le.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àjà kẹta ni fúláàtì mi wà. Mo háyà rẹ̀ ni. A ò ní gáréèjì, a ò ní iwájú ilé, etí títì ni gbogbo wa ń gbé ọkọ̀ sí, ẹni tó bá tètè dé ló ń rí àyè. Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òpó iná wà ní òpópónà wa tó ní ihò tí ọkọ̀ ti ń gba iná, àti pé ibùdó ìgbaná tó yára kò jìnnà sí mi.

Nǹkan bíi 150 máìlì ni mò ń rìn lọ́sẹ̀. Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé iye tí ará Dagenham yẹn ń ná ni èmi náà máa ná?

Bàbá Bùsọ́lá (Thamesmead)

Ìyá Ẹniọlá, ẹ kú làálàá. Kí n kọ́kọ́ dáhùn kí n tó ṣàlàyé: rárá o, ẹ ò ní ná iye yẹn. Ẹ lè ná ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀, ẹ sì lè ná ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Kábù ni mò ń wà ní London. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, TfL, iléeṣẹ́ tó ń ṣàkóso ìrìnnà ní London, ò fún ọkọ̀ tí kò tíì wọ inú ìwé wọn ní láísẹ́ǹsì kábù mọ́, àfi tó bá lè rìn láìtú èéfín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwa tí à ń wa kábù fi wà nínú ọkọ̀ oníná. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Kia Niro ni tèmi, bátìrì 64 kWh. Fúláàtì ní Camberwell ni mo wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ní báyìí a ti kó sí Thamesmead, ọkọ̀ ń sùn ní abẹ́ fèrèsé mi. Ọkọ̀ kan náà, awakọ̀ kan náà. Iye tó ń jẹ ní Camberwell, tí mo bá sọ ọ́ fún ìyàwó mi lónìí, ó ṣì máa ń mú un dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣe ìṣirò. Yúnìtì ni wọ́n fi ń ta iná níbí, bíi ti NEPA ilé, kWh kan ni yúnìtì kan. Ọkọ̀ bíi Leaf máa ń fi yúnìtì kan rin máìlì mẹ́ta ààbọ̀ nínú ìlú. Ó lè tó mẹ́rin nígbà ooru. Nígbà òtútù tí ẹ bá tan hítà, á bọ́ sí mẹ́ta tàbí kó dín. Tí a bá fi mẹ́ta ààbọ̀ ṣe é, 150 máìlì yóò jẹ yúnìtì 43. Díẹ̀ máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà kí iná tó dé inú bátìrì, ẹ̀yin lẹ ó sì sanwó ohun tó ṣòfò, nítorí náà ẹ kà á sí 47.

Ará Dagenham ní iwájú ilé, kò sí àní-àní. Ó sì ti lọ gba owó iná ti àwọn ọlọ́kọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Octopus ń ta yúnìtì kan ní nǹkan bíi pẹ́ńsì mẹ́jọ láàárín òru fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ oníná àti smart meter, mítà tó ń ka iná ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Yúnìtì 47 lọ́nà pẹ́ńsì mẹ́jọ, £3.76. Kò purọ́ fún yín.

Tí kò bá gba ti òru, tó kàn ń lo owó iná gbogboogbò tí Ofgem, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ owó iná, fi ìdè sí, yúnìtì kan á wà ní bíi pẹ́ńsì 25 sí 28. Ìyẹn jẹ́ bíi £12 sí £13.

Òpó iná etí títì tí ọkùnrin yẹn fi ń tàn yín wá ńkọ́? Ó yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, ó sì yàtọ̀ láti ọ̀sán sí òru, ṣùgbọ́n ẹ máa bá 50 pẹ́ńsì pàdé níbẹ̀ dáadáa. £23.50 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ibùdó tó yára, 75 sí 85 pẹ́ńsì. £35 ni ẹ ó kọ́kọ́ fojú rí, ó sì ń gòkè.

Ẹ wá fi wé epo. Yaris hybrid, ọkọ̀ epo tí bátìrì kékeré ń ràn lọ́wọ́, tó ń rin 60 máìlì lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí lítà epo bá wà ní bíi £1.35, ẹ ó ra epo bíi £15 fún 150 máìlì yín. Ìyẹn ni pé iná orí òpó ti wọ́n ju epo lọ, ibùdó tó yára sì fi ìlọ́po méjì lé e sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ èyí. Wọ́n á sọ fún yín pé "iná kò wọ́n tó epo", wọn ò ní sọ iná ibo.

Àwọn kan máa ń ní VAT ló fà á. Lóòótọ́, 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT orí iná ilé, 20 ni ti iná tí ẹ bá rà lójú títì, mo sì ka ìyẹn sí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tí kò ní iwájú ilé. Àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Tí wọ́n bá ń ta yúnìtì kan ní 80 pẹ́ńsì, tí ìjọba wá sọ VAT rẹ̀ di 5 lọ́la, 70 ló máa bọ́ sí. Ó ṣì wọ́n. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ owó yòókù. Wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá, wọ́n fa wáyà tó nípọn láti ara iná ìlú wá síbẹ̀, wọ́n ń san háyà ilẹ̀, wọ́n sì ń san owó ojúmọ́ lórí wáyà yẹn yálà ọkọ̀ wá tàbí ọkọ̀ ò wá. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni ẹ̀rọ máa ń dúró lásán. Ẹni tó bá wá ní wákàtí tó kù ló ń ru gbogbo ẹrù náà. Nílé, òdìkejì rẹ̀ ni: ìlú ti sùn, atẹ́gùn ń yí àwọn fáànù ńlá tó wà nínú òkun, iléeṣẹ́ iná sì ń wá ẹni tí yóò bá a ra ohun tó ń ṣẹ́kù, ó ń tà á lọ́pọ̀.

Owó nìkan kọ́ o. Nígbà tí mo wà ní Camberwell, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń lọ gba iná, nígbà tí gbogbo awakọ̀ kábù náà ń lọ. Ẹ ó bá ará Somalia níbẹ̀, ẹ ó bá ará Bangladesh, ẹ ó bá ọmọ Ìjẹ̀bú, gbogbo wa jókòó sínú ọkọ̀ wa, oníkálukú ń wo fóònù. Tí bátìrì bá ti dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní díẹ̀díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná ọkọ̀ sí yín lójú. Tí ẹ bá sì gbàgbé ọkọ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tó ti kún, àwọn ibùdó mìíràn ń bu owó ìtanràn lé e. Ó kéré tán, láti oṣù kọkànlá 2024, òfin ti ní kí àwọn ẹ̀rọ tó yára máa gba káàdì báńkì. Ṣáájú ìgbà yẹn, áàpù ló kún fóònù mi ju fọ́tò àwọn ọmọ mi lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ Leaf. Ihò méjì ló ní níwájú. Kékeré ni ti òpó iná àti ti ilé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ńlá ni ti ẹ̀rọ tó yára, CHAdeMO ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ báyìí, CCS nìkan, irú ihò mìíràn tí Leaf kò ní, ni wọ́n fi sí i. Tesla tó ti ṣí púpọ̀ nínú ibùdó rẹ̀ fún ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, CCS náà ni. Bátìrì Leaf kò tún ní omi tó ń tù ú, tí ẹ bá gba iná kíákíá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́jọ́ kan, á gbóná, ẹ̀rọ á sì dín iná kù fún un. Ọkọ̀ tó dára ni fún ẹni tó ní iwájú ilé. Ẹni tí yóò gbára lé ìta ni mi ò lè ní kó rà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. £75 ni ULEZ ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́sẹ̀, ẹ wá ń ṣàníyàn nítorí ogún pọ́n-ùn dísù. A ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. ULEZ kò sì sọ pé kí ẹ ra ọkọ̀ oníná! Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó bá ti dé ìwọ̀n èéfín Euro 4, ìyẹn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ láti bíi 2006, kò ní san nǹkan kan. Dísù ló ń dá wọn lóró, Euro 6 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, bíi 2015 sókè. Ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ yòówù tí ẹ bá fẹ́ rà sórí ìkànnì TfL, wọ́n á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ (Gillingham)

Bàbá Bùsọ́lá, ẹ̀rù ọkọ̀ oníná lẹ fẹ́ fi ba gbogbo ayé o! Ẹ jẹ́ kí àwa tó ń gbádùn rẹ̀ náà sọ tiwa.

Ọ̀gá mi nílé ló kan àpótí ìgbaná mọ́ ara ògiri. Oní-kílówáàtì méje ni, nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ló ná wa, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹlẹ́ńtíríkì. Nọ́ọ̀sì ni mí, mò ń lọ sí Maidstone fún iṣẹ́. Tí mo bá dé lálẹ́, mo kan máa ki wáyà bọ̀ ọ́ ni, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á dúró di agogo méjìlá ààbọ̀ òru kó tó bẹ̀rẹ̀, á parí kó tó di márùn-ún ààbọ̀. Àkókò yẹn náà ni ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ náà tẹ̀ lé e. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun pé ó ń yí.

Ohun kan ni kí ẹni tó fẹ́ ṣe é mọ̀: owó ọ̀sán ti irú ìlànà yẹn lè ga díẹ̀ ju ti gbogboogbò lọ. Tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń se ẹ̀wà lórí iná mànàmáná ní ọ̀sán gangan, ẹ ṣírò ìyẹn náà mọ́ ọn.

Àǹtí Peckham, ṣé onílé yín ò ní àyè kankan lẹ́yìn ilé? Ìjọba ní owó ìrànwọ́ fún ẹni tó ń háyà ilé tàbí tó ní fúláàtì, láti fi san díẹ̀ nínú owó àpótí.

Bàbá Bùsọ́lá (Thamesmead)

Nọ́ọ̀sì wa, mi ò bá yín jà. Èmi àti ẹ̀yin, ọ̀kan náà ni wá báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlànà owó ìrànwọ́ yẹn dáadáa, ẹni tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn káńsù kan tún ti ń gbà kí wọ́n gbẹ́ ojú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí wáyà lè gba inú rẹ̀ dé etí títì, èyí dára fún ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí títì gan-an. Àjà kẹta ni ìyá yìí wà.

Túnjí Alágbádá

Àjà kẹta ńkọ́? Ẹ ju ẹsitẹ́nṣàn gba ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Woolwich ń ṣe é.

Adémọ́lá Ẹlẹ́ńtíríkì (Luton)

Túnjí, má pa ará ilé ẹni jẹ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, èyí tó ní ihò mẹ́ta, ámù mẹ́wàá ni wáyà ọkọ̀ máa ń fà níbẹ̀, kílówáàtì 2.3. Tí bátìrì 40 kWh bá gbẹ, ó máa lé ní wákàtí mẹ́tàdínlógún kó tó kún. Kò sí kẹ́tùlù tàbí ayọ́ọ̀nù tó ń fa irú iná bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́tàdínlógún. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti gbó á yọ́. Ẹsitẹ́nṣàn tí wọ́n ká jọ sára rólà tún burú jù, wáyà tó wà ní inú kò rí ibi tí ooru rẹ̀ máa gbà jáde. Mo ti já ọ̀kan kúrò lára ògiri rí nílé oníbàárà kan, rọ́bà rẹ̀ ti rọ̀ bí àmàlà.

Ẹ wá sọ wáyà yẹn kalẹ̀ láti àjà kẹta, kí ó gba orí ọ̀nà tí àwọn ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ń gbà. Òfin ojú ọ̀nà, Highways Act ti 1980, wà nílẹ̀ tí káńsù lè gbé yọ sí yín. Tí ẹnìkan bá sì fẹsẹ̀ kọ́ ọ tó ṣubú, ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́.

Mo fara mọ́ Bàbá Bùsọ́lá lórí ìṣirò, àfi ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un. Ìyá wa, tí ẹ bá ní ará ìjọ tàbí ọ̀rẹ́ tó ní àpótí lára ògiri nítòsí ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè bá a dúnàádúrà. Àpótí oní-kílówáàtì méje máa kó yúnìtì 47 yẹn tán nínú bíi wákàtí méje. Òru ẹyọ kan ni, tàbí ìrọ̀lẹ́ méjì. Áàpù wà pàápàá tí àwọn aládùúgbò fi ń yá ara wọn ní àpótí.

Adéọlá (Croydon)

Iṣẹ́ àkántì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ya ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Àǹtí, èló ni iléeṣẹ́ yín ń san fún yín lórí máìlì kan?

Mo béèrè nítorí pé 45 pẹ́ńsì ni HMRC, àjọ owó-orí ìjọba, gbà láyè fún 10,000 máìlì àkọ́kọ́ lọ́dún, yálà iná ni ọkọ̀ ń lò tàbí epo. Àwọn iléeṣẹ́ kẹ́rà púpọ̀ kì í san tó bẹ́ẹ̀. Ká ní 25 pẹ́ńsì ni tiyín ń san, 20 tó kù wà tí ẹ lè béèrè ìdẹ̀kùn owó-orí lé lórí. Tí ẹ bá rin 150 máìlì fún ọ̀sẹ̀ 46, ó jẹ́ 6,900 máìlì. Lọ́nà 20 pẹ́ńsì, £1,380. Wọn kò ní kó £1,380 fún yín o, ìdá márùn-ún rẹ̀ ni, £276, tó bá jẹ́ pé 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó-orí tí ẹ ń san. Láti ilé oníbàárà kan sí èkejì ló wọ inú ìṣirò náà. Ti ilé yín sí ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ti àbọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ máa kọ máìlì yín sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Èyí tó tún kan ìpinnu yín ni owó-orí ọkọ̀. Láti oṣù kẹrin 2025, ọkọ̀ oníná náà ti ń san. Leaf 2018 wọ inú àwọn tó ń san £200 lọ́dún láti oṣù kẹrin 2026. Yaris hybrid ti bíi 2014, £20. Nínú Bọ́jẹ́ẹ̀tì oṣù kọkànlá 2025, wọ́n tún kéde pé láti oṣù kẹrin 2028, ọkọ̀ oníná á máa san pẹ́ńsì mẹ́ta lórí máìlì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Bùsọ́lá (Thamesmead)

Pẹ́ńsì mẹ́ta lọ́nà 150, £4.50 lọ́sẹ̀. Owó iná ará Dagenham ò ní tó owó máìlì rẹ̀ mọ́. Mo ti gbé e fún ìyàwó mi kà, ó ní ṣé mo rò pé wọ́n máa gbàgbé wa ni.

Ọmọ Mushin

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará London. Nílé níbí, àwọn tó wà ní Band A nìkan ló lè ronú irú nǹkan báyìí. ₦225 ni wọ́n sọ yúnìtì kan dà fún wọn ní oṣù kẹrin 2024, ó sún wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ṣì lé ní ₦200. Lórí ìwé, ó ṣì dín sí owó epo tí ọkọ̀ á jẹ fún ìrìn kan náà. Àmọ́ kí iná lọ lóru tí ẹ ń retí kí bátìrì kún, kí ẹ wá gbé jẹnẹrétọ̀ tan, epo náà lẹ tún padà rà yẹn. Ẹnìkan ní àdúgbò wa gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí òrùlé nítorí ọkọ̀ rẹ̀. Òun ni mo rí tó ń rẹ́rìn-ín.

Ìta ní tiyín, ibi tí ẹ lè bá ẹ̀rọ lójú títì, ó ṣì jọ mí lójú. Èmi ò tíì rí ọ̀kan rí láàárín Mushin sí Oṣòdì.

Ìyá Ẹniọlá (Peckham)

Ẹ ṣé gan-an ni, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ rí ibi. Ọ̀rọ̀ ULEZ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ohun tí ẹni tó ń ta Leaf sọ fún mi ni pé ọkọ̀ oníná nìkan ló lè gbà mí lọ́wọ́ wọn. Mo tẹ nọ́ńbà Yaris ọmọ àbúrò mi sórí TfL, ti 2009 ni o, bẹntiróòlù, wọ́n ní kò san nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀ kó tó dá mi lójú.

Adéọlá, 25 pẹ́ńsì náà gan-an ni wọ́n ń san. Báwo lo ṣe mọ̀? Mi ò kọ máìlì kankan sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ṣùgbọ́n ilé tí mo dé lójoojúmọ́ wà lórí rótà, mo lè fi ìyẹn ṣírò rẹ̀ padà.

Adémọ́lá, ìmọ̀ràn rẹ mú mi rántí ẹnìkan. Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ń gbé Nunhead, ẹ̀yìn ilé oníbàárà mi àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ní Tesla, àpótí wà lára ògiri wọn, ó sì ti sọ fún mi rí pé kí n máa bọ̀. Tí mo bá ń san 30 pẹ́ńsì fún un lórí yúnìtì kan, ṣé Leaf náà ò wá ní pé mi báyìí?

Bàbá Bùsọ́lá (Thamesmead)

Yúnìtì 47 lọ́nà 30, £14.10. Ẹ fi wé £15 epo Yaris hybrid: kò tó pọ́n-ùn kan ni èrè yín lọ́sẹ̀. Ẹ fi £180 tó wà láàárín owó-orí ọkọ̀ méjèèjì kún ti Leaf lọ́dún, èrè ti di gbèsè.

Èyí tí ìwé ò lè ṣírò ṣì kù. Ọjọ́ tí arábìnrin yìí bá ní àlejò, ẹ ò ní lè gbé ọkọ̀ wọlé. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò, Tesla ló máa kọ́kọ́ gba iná. Ẹ ó máa ru ọ̀pẹ òyìnbó lọ kí wọn, ẹ ò ní lè bá a ṣe gbólóhùn asọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ọ̀fẹ́ ló ṣòroó gbà, ti owó gan-an á dára jù, kí ẹ jẹ́ kí áàpù ẹ̀rọ wọn máa ka yúnìtì, kí ẹ sì máa fi owó ránṣẹ́ sí báńkì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Tí onílé tí ẹ máa gbà lẹ́yìn eléyìí bá ní àyè ọkọ̀, ẹ padà wá, èmi fúnra mi ni màá bá yín wá Leaf.

Ìyá Ẹniọlá (Peckham)

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni ẹ mẹ́nu bà yẹn, ẹ ti parí ọ̀rọ̀. Èmi ni akápò wa, mi ò lè jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iná.

Mo ti pe ẹnìkan ní Catford tó ní Yaris hybrid ti 2014, Sátidé ni mo máa lọ wò ó lẹ́yìn iṣẹ́. Mi ò tíì sọ fún ẹni tó ní Leaf pé mi ò rà mọ́. Bí mo bá ṣì fẹ́ lọ wò ó, báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá bátìrì rẹ̀ ti gbó?

Bàbá Bùsọ́lá (Thamesmead)

Ẹ ní kó tan ọkọ̀. Ní ọwọ́ ọ̀tún pátápátá lára òṣùwọ̀n bátìrì tó wà níwájú awakọ̀, ẹ ó rí àwọn igi kéékèèké tí wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Méjìlá ló yẹ kí wọ́n pé. Èyí tó kọ́kọ́ lọ ló burú jù, nǹkan bíi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún agbára bátìrì ló ń bá a lọ. Tí ẹ bá ka mẹ́wàá, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Fún Yaris, ẹ béèrè ìwé sáfíìsì, kí ẹ sì yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá kátálítíìkì rẹ̀, ohun tó ń sẹ́ èéfín ọkọ̀, ṣì wà, àwọn olè London fẹ́ràn ti hybrid gan-an.